Bí Jacob Mákánjúọlá Ṣe Kó Ará Lọ́kọ́jà Lọ sí Àjàṣẹ́

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí ẹ̀rín bá sì ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó má ṣe gbé e mì, torí a ó lò ó. Ìtàn ọ̀gá kan ni mo fẹ́ sọ, ọ̀gá tí agbára rẹ̀ kò ju orí tábìlì lọ, ṣùgbọ́n tó ń rìn bí ẹni pé òun ló ni odò Ọya.

Ní ọdún kejì tí Nàìjíríà gbòmìnira, bí ẹ bá dé àdúgbò Kpata ní Lọ́kọ́jà, tí ẹ bi ẹnikẹ́ni pé ta ni ẹni ńlá ìlú, yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kó tó dá yín lóhùn pé, "Ọ̀gbẹ́ni Jacob Mákánjúọlá ni." Kì í ṣe pé wọn kò mọ ọba wọn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé ọkùnrin náà lè wà nítòsí. Ọmọ Ìṣánlú ni, ní ilẹ̀ Yàgbà, akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kìlọ̀ fún un pé kó má kánjú wá ọlá, ṣùgbọ́n ó jọ pé ojú oorun ló wà nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ náà sí i létí. Ó kúrú, ó sanra, ó sì máa ń dé akoto funfun bíi tàwọn òyìnbó tó ti lọ, kódà nínú yàrá.

Láràárọ̀, kó tó wọ ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n kí i ní gbogbo èdè tí wọ́n ń sọ nílùú. Àwọn Hausa á ní, "Ranka ya daɗe!" Àwọn ará Kàbà àti Yàgbà á ní, "Òkun o!" Àwọn Ìgalà, Ẹ̀bìrà àti Nupe á kí tiwọn. Akọ̀wé kékeré kan tó ń jẹ́ Pius ló máa ń kádìí rẹ̀ nílẹ̀: "Ọ̀gá tó ń fi gègé pàṣẹ! Ọ̀gá tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ń dún bí ìbọn! Bí ẹ bá sín níbí, wọ́n á gbọ́ ọ ní Kàdúná!" Lọ́jọ́ kan Mákánjúọlá sín lóòótọ́. Pius sáré lọ sídìí tẹlifóònù, ó ní òun fẹ́ bi Kàdúná bóyá wọ́n gbọ́.

Ohun tó wá gbé ọkùnrin yìí kúrò lórí àga rẹ̀ nìyí. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Kàdúná ní àwọn fẹ́ kí àwọn ìdílé máa lọ wo ilẹ̀ òkèèrè, kí afinimọ̀nà máa mú wọn kiri. Àwọn yóò sì yan ọ̀gá àgbà kan lórí ìrìn àjò afẹ́ fún gbogbo ẹkùn náà, pẹ̀lú mọ́tò tí àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú rẹ̀. Bí Mákánjúọlá bá lè kó àwọn ará Lọ́kọ́jà lọ sí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Dàhòmì, tó sì kó wọn padà pẹ̀lú inú dídùn, òun ni wọn ó fi jẹ ẹ́. Òṣìṣẹ́ Kàdúná kan tó ń jẹ́ Bámiṣayé, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, yóò bá wọn lọ pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ìdájọ́ wà.

Láti ọjọ́ tí Mákánjúọlá ti gbọ́ èyí, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Àsíá yẹn ló ń rí bó bá dijú, òun náà ló ń rí bó bá lajú. Kò tíì sí ohun tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀, títí kan ìyàwó tó fẹ́.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ọkùnrin yìí kò dé òkèèrè rí. Ibi tó jìnnà jù lọ tó dé ni Àpápá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi Faransé kan gúnlẹ̀ sí. Ó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà dé ìdajì kí wọ́n tó lé e sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, "Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn Faransé." Rebecca ìyàwó rẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀, torí òun ló fọ ṣòkòtò tó fi ṣubú lórí àtẹ̀gùn náà.

Ó pe gbogbo ìdílé tó fẹ́ lọ jọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, ó gun orí pèpéle, ó fọwọ́ gbá àyà.

"Ẹ̀yin ìdílé tí orí yín gbé yín pàdé mi," ló wí, "òkèèrè kì í ṣe Kàbà! Òkèèrè kì í ṣe ojú ọjà àtijọ́ tí ẹ ti ń na ọjà ẹja! Òkèèrè ni ibi tí oòrùn ti ń tọrọ àyè kó tó yọ! Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn Faransé, òtútù ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìka ẹsẹ̀ mi. Nítorí náà, gbogbo yín, tọmọ tàgbà, ẹ gbọ́dọ̀ wọ kóòtù onírun."

Pius pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Rebecca dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Baba Ìyábọ̀, ṣebí Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí Bàdágírì? Ṣé òtútù ń mú wọn ní Bàdágírì ni?"

"Ìyá Ìyábọ̀, àwọn Faransé ló ṣe ìjọba níbẹ̀. Ibi tí Faransé bá ti ṣe ìjọba, òtútù wọn máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀!"

Rebecca mi orí. Ó jókòó. Ọ̀gá ń bá òfin lọ. Wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ òkèèrè, wọn kò gbọ́dọ̀ mu omi ibẹ̀. Omi Ọya ni wọn ó rọ sínú àgbá gbé lọ. Wọn ó fi okùn so àwọn ọmọ mọ́ra wọn. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ kí ẹnikẹ́ni, torí pé ní òkèèrè, ọlọ́pàá ló ń mú ẹni tó bá ń kí èèyàn kiri.

Ọkùnrin oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Mùkáílà, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Ìlọrin wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà, nawọ́ sókè tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. "Ọ̀gá, bí a bá pàdé àgbàlagbà lọ́nà ńkọ́?"

"Kọjú sí ògiri!"

Lẹ́yìn èyí ló yọ fèrè kan jáde, fèrè irin tó ń dán, tó so kọ́rùn. Ó ní fèrè náà ni bàbá wọn, òun ni ìyá wọn. Bó bá ti dún, kí olúkúlùkù sáré wọ bọ́ọ̀sì, kí awakọ̀ sì gbéra láìwẹ̀yìn. Kàrímọ́tù, ìyá Mùkáílà, arúgbó tí ẹnu rẹ̀ kò gbó pẹ̀lú rẹ̀, bi í léèrè: "Akọ̀wé, bó bá dún nígbà tí mo wà nílé ìyàgbẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ máa wà níbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, ìyá! A kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe èmi fúnra mi!"

"Ẹ gbọ́ ọgbọ́n!" ni Pius ké.

Òfin ẹnubodè ló kẹ́yìn. Ìwé ìrìnnà kan ṣoṣo ni Kàdúná fún gbogbo wọn, orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ láìsí àwòrán, inú àpò Mákánjúọlá ni yóò sì wà. "Ní ẹnubodè," ló wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ àṣírí, "ẹ má jẹ́rìí sí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní ṣé ẹ mọ lágbájá, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n. Oníjìbìtì pọ̀ lókèèrè. Wọn a máa gbé ojú ẹni ẹlẹ́ni wọ̀ bí ẹ̀wù!"

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ẹbí lọ wo ìlú onílùú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹ mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dání àti bàtà tó ti mọ́ ẹsẹ̀ lára. Ẹ kọ́ ọmọ ní orúkọ bàbá rẹ̀ àti ibi tí ẹ wọ̀ sí. Bí ẹ bá dé, ẹ kí onílé kí onílé tó kí yín, kí ẹ sì jẹ ohun tí ẹ bá rí i tí òun náà ń jẹ. Ó tán. Ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ràn kékeré bẹ́ẹ̀ kì í gbé èèyàn dé ìdí àsíá.

Odidi ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń dánra wò létí odò. Mákánjúọlá á fọn fèrè, "fíìì!", àwọn ìdílé á da ohun ọwọ́ wọn nù, wọ́n á ya wọ bọ́ọ̀sì, Sàláhúdéènì awakọ̀ á sì gbéra. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n gbàgbé Pius sétí omi, ó sì sáré tẹ̀lé wọn wọ ọjà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, fèrè náà ti wọ̀ wọ́n lára débi pé bí ẹyẹ bá súfèé lórí igi, ìdajì wọn ti wà lórí ìjókòó.

Ọjọ́ pé, wọ́n gbéra nínú oòrùn oṣù kẹta. Kí wọ́n tó kọjá Kàbà, òógùn ti rin gbogbo wọn gbindin. Àwọn ọmọ ń ké nínú kóòtù, àgbá omi ń dà sẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin. Ìyàwó Bámiṣayé bọ́ kóòtù ọmọ rẹ̀, Mákánjúọlá ní kó dá a padà, pé òtútù ń bẹ níwájú. "Ó ń bẹ níwájú," ló wí ní Ọ̀wọ̀. "Ó ku díẹ̀," ló wí ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Ìrókò, tí ọ̀dà ojú títì ń yọ́ lábẹ́ bàtà wọn, òun náà nu ojú, ó ní òtútù ti gbọ́ pé àwọn ń bọ̀ ni, ó sá.

Ọlọ́pàá ẹnubodè Dàhòmì kan jáde wá bá wọn. Mákánjúọlá tún akoto rẹ̀ ṣe, ó yọ àyà síta. Ìṣẹ́jú tó ti ń dúró dè nìyí. Ó lanu, ó sì tú gbogbo Faransé tó mọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Bọ̀ǹjúù! Mùsíọ̀! Pàrí! Màdáàmù! Mẹ̀sí!"

Ọlọ́pàá náà wò ó tìyanutìyanu. "Ẹ kú ìrìn o, bàbá," ló wí, ní Yorùbá tó já gaara. "Ṣé kò rẹ̀ yín jù? Kí ló wá dé tí gbogbo yín wọ kóòtù nínú oòrùn yìí? Ṣé ara yín kò yá ni?" Ọmọ Kétu ni, ìlú Yorùbá kan ní ilẹ̀ Dàhòmì.

"Háà!" ni Kàrímọ́tù ké. "Àṣé Yorùbá ni wọ́n ń sọ lókèèrè!"

Àwọn mìíràn ì bá rì wọ ilẹ̀. Ọ̀gá wa yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. "Ẹ rí i bí Faransé mi ṣe wọ̀ ọ́ lára tó? Ó ti di Yorùbá kó tó dé ẹnu rẹ̀!"

Pius pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dún bíi ti Lọ́kọ́jà. Mákánjúọlá rí i pé Bámiṣayé rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ẹ̀rín tó lè gba àsíá lọ́wọ́ èèyàn ni.

Wọ́n dé Àjàṣẹ́ nírọ̀lẹ́, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n sì sùn mọ́jú. Ẹ rántí o, láyé ìgbà náà, ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà nílẹ̀ wa, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lélẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ti Dàhòmì. Ọmọ tó ń rákò ní Àjàṣẹ́ mọ èyí. Mákánjúọlá to àwọn ìdílé sẹ́bàá títì, ó ní kí wọ́n wo òun dáadáa, òun fẹ́ kọ́ wọn bí ọmọlúàbí ṣe ń sọdá lókèèrè.

"Ẹ wo ọ̀tún! Ọ̀tún mọ́. Ẹ gbé àyà síwájú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Ọ̀tún mọ́ lóòótọ́. Òsì ni kẹ̀kẹ́ kan ti ń bọ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó kún apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òkè. Akoto fò, ọ̀pẹ̀yìnbó fò, ọ̀gá náà fò. Nígbà tí wọ́n fi rí i, inú gọ́tà ló jókòó sí, omi ọ̀pẹ̀yìnbó ń ro tótó lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ìlú yìí ń rìn sódì!" ló ń pariwo. "Gbogbo wọn ló ń rìn sódì!"

"Akọ̀wé," ni Kàrímọ́tù wí, "gbogbo ìlú ló ń rìn sódì, àbí ìwọ?"

Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ kò bínú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an," ó gé àwọn ọ̀pẹ̀yìnbó tó fọ́, ó pín wọn fún àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni òfin oúnjẹ kú sí. Ọmọ kan jẹ ẹ́, ìyá rẹ̀ bá a jẹ, Mùkáílà náà bù ú jẹ. Àwọn ará àdúgbò jáde wá kí wọn: ẹ kú àbọ̀, níbo lẹ ti wá, Lọ́kọ́jà, níbi tí odò méjì ti pàdé, ẹ wá jókòó, ẹ bomi mu. Àwọn ará Lọ́kọ́jà náà kí wọn padà, kíkí náà sì pọ̀ bí ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bọ́ kóòtù jù sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n tú okùn lára àwọn ọmọ, wọ́n bá àwọn onílé wọ ìgboro lọ wo ìlú. Bámiṣayé fúnra rẹ̀ gbé ọmọ sọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mákánjúọlá kò rí ìdùnnú kankan níbẹ̀. Ohun tó rí ni pé àsíá ń lọ. Ó ronú, ó ronú, ọgbọ́n kan sì sọ sí i lọ́kàn: fọ́tò! Bí fọ́tò bá wà tí òun jókòó bí ọ̀gá àgbà ní òkèèrè, kí ni Bámiṣayé ó rí sọ? Ó fa Pius lọ́wọ́, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan lọ.

Ayàwòrán náà ní aṣọ ńlá kan tó fi bo ògiri, wọ́n ya ilé gogoro sí i, wọ́n ya yìnyín sí orí òrùlé wọn.

"Yìnyín!" Mákánjúọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. "Pius, òtútù náà rèé! Mo sọ fún wọn!"

"Bàbá, ìdajì òkè nìkan ni màá yà," ni ayàwòrán wí. "Ẹ bọ́ ṣòkòtò tó tutù yẹn, kí ìyàwó mi bá yín ṣàn án."

Ó bọ́ ọ. Ó jókòó lórí àga onítìmùtìmù, kóòtù rẹ̀ lọ́rùn, táì rẹ̀ gún, fèrè rẹ̀ ń dán láyà, ìtan rẹ̀ méjèèjì níhòòhò. Pius ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ayàwòrán borí sábẹ́ aṣọ dúdú. Lójú títì níta, nítòsí bọ́ọ̀sì tí àwọn ìdílé ti padà dé ìdí rẹ̀, ọlọ́pàá kan fẹ́ dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró. Ó fi fèrè sẹ́nu.

Fíìì!

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbá dára kí ẹ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ da ọ̀pẹ̀yìnbó nù. Ìyá àgbà Kàrímọ́tù ká aṣọ dé orúnkún, ó ń sáré bí ọmọge. Pius ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, fèrè!" kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Kí ayàwòrán tó yọ orí kúrò lábẹ́ aṣọ, bọ́ọ̀sì ti gbéra. Ẹ̀yìn ni Rebecca jókòó sí, ó ń ka àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kà wọ́n tán ló gbójú sókè, ó rí i pé àga iwájú ṣófo.

"Ẹ dúró! Ọ̀gá yín dà?"

"Madam, whistle don blow," ni Sàláhúdéènì wí, ó tẹjú mọ́ iwájú. "Oga say make I no look back."

"Ó ní a kì í dúró de ẹnikẹ́ni," ni Pius wí, "ìbáà ṣe òun fúnra rẹ̀." Ẹ̀rín wá pa àwọn ìdílé débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sórí ara wọn.

Mákánjúọlá ti jáde síta, tòun ti kóòtù, tòun ti táì, tòun ti àwọ̀tẹ́lẹ̀. Èéfín bọ́ọ̀sì ló bá. Ṣòkòtò rẹ̀ ń kán tótó lórí okùn. Àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó ayàwòrán, ó fún un ní ìró kan, aláwọ̀ òféèfèé tí wọ́n ya adìyẹ sí. Ó ró o. Akẹ́rù tí ọlọ́pàá dá dúró ló gbé e lọ sí ẹnubodè, lórí àgbọn. Bí àgbọn ṣe ń gún un nídìí, ó ń ronú ohun tí yóò sọ. Gbogbo rẹ̀ kò tíì bàjẹ́! Yóò ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé òun fi dán wọn wò.

Bọ́ọ̀sì ti dúró sí ẹnubodè, torí ibẹ̀ kò ṣeé fò kọjá. Ìwé ìrìnnà wà nínú àpò tí ọ̀gá fi sílẹ̀ lórí àga. Ọlọ́pàá mìíràn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Kétu ti àná. Ó kà wọ́n, ó rí i pé orúkọ kan ṣẹ́kù. Bó ti ń bi wọ́n léèrè ni akẹ́rù alágbọn dé.

"Ẹ káre!" ni Mákánjúọlá ké láti òkè àgbọn. "Ìdánwò ni mo ṣe fún yín, ẹ yege!"

"Ta nìyí?" ni ọlọ́pàá bèèrè.

"Èmi ni Ọ̀gbẹ́ni Jacob Mákánjúọlá, akọ̀wé àgbà, afinimọ̀nà àgbà, ọ̀gá àgbà lọ́la lórí gbogbo ìrìn àjò afẹ́!"

Ọlọ́pàá wo akoto, ó wo táì, ó wo àwọn adìyẹ ara ìró náà. "Orúkọ yẹn wà nínú ìwé, bàbá. Ojú kò sí níbẹ̀. Ta ló mọ̀ yín níbí?"

"Gbogbo wọn! Pius, sọ fún un!"

Pius wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Pius!"

"Òfin ni, Ọ̀gá! Ẹ má bínú, ẹ̀yin tí mi ò mọ̀!"

Mùkáílà kò mọ̀ ọ́n. "I no sabi am," ni Sàláhúdéènì wí. Kàrímọ́tù sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa ìró náà wò. "Èyí tí mo mọ̀ kì í ró ìró," ló wí. "Ṣùgbọ́n aṣọ yìí mà dára o. Níbo lo ti rí i?" Àwọn ọmọ sọ ọ́ di orin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: a ò mọ̀ ọ́n, a ò mọ̀ ọ́n! Kì í ṣe ìkà. Ẹni tí wọ́n fi kóòtù onírun sè láti Lọ́kọ́jà dé Àjàṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀rín díẹ̀.

Rebecca fẹ́ sọ̀rọ̀, Bámiṣayé rọra gbọ́wọ́ sókè. "Ìyá Ìyábọ̀, ẹ ṣe sùúrù fún mi díẹ̀." Ó yíjú sí Mákánjúọlá. "Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà kù sọ́wọ́ yín. Bí òfin yín bá dára, a ó pa á mọ́, n ó sì sọ fún Kàdúná pé ẹ mọ èèyàn tọ́. Bí kò bá dára, ẹ fẹnu ara yín sọ pé kò dára, n ó jẹ́rìí yín báyìí, a ó jọ lọ sílé. Èwo ni ká ṣe?"

Mákánjúọlá wo bọ́ọ̀sì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó rí mọ́tò yẹn lọ́kàn, ó rí àsíá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Òfin ni òfin," ló wí.

"Ó dáa," ni Bámiṣayé wí, ó wọ bọ́ọ̀sì. Rebecca wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Baba Ìyábọ̀, ó dàbọ̀ o," ló wí, òun náà wọlé. Ọlọ́pàá di ọkùnrin náà lápá mú. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà sínú ìlú." Bọ́ọ̀sì dún, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí.

Ìgbà yẹn ni ojú Mákánjúọlá là. Ó rí i pé wọ́n ń lọ lóòótọ́. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó ń sáré, ìró há a lẹ́sẹ̀, ó fi fèrè sẹ́nu kí wọ́n lè dúró. Fíìì! Sàláhúdéènì gbọ́ fèrè, ó tẹ iná. Ó tún fọn ọ́n. Bọ́ọ̀sì tún yára sí i. Ẹ̀yin èèyàn, ta ló rí irú èyí rí? Ó já fèrè náà kúrò lọ́rùn, ó jù ú sínú igbó, ó bọ́ kóòtù, ó fi ẹnu tí Ọlọ́run fún un ké.

"Irọ́ ni mo pa! Mi ò dé òkèèrè rí! Àpápá ni mo dé, wọ́n sì lé mi sọ̀kalẹ̀! Kò sí òfin kankan! Rebecca! Rebecca o!"

Rebecca ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó lu òrùlé bọ́ọ̀sì gbàgbà. "Dúró! Ọkọ mi ni!" Sàláhúdéènì tẹ bíréèkì, ó sì wẹ̀yìn. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó nu ojú ọkọ rẹ̀, ó mú un lọ́wọ́ padà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

"Ọkọ mi nìyí," ló wí. "Jacob ni wọ́n ń pè é. Akọ̀wé ni. Àná ló kọ́kọ́ dé òkèèrè."

"Ṣé òótọ́ ni, bàbá?"

"Òótọ́ ni," ni Mákánjúọlá wí.

Wọ́n jẹ́ kó kọjá. Kàrímọ́tù ti sùn sórí àga iwájú, kò sì sẹ́ni tó jí i, nítorí náà ẹ̀yìn pátápátá ni ọ̀gá wa jókòó sí, láàárín àwọn ọmọ. Bámiṣayé yíjú padà. "Ọ̀gbẹ́ni, ipò yẹn ti bọ́ o."

"Mo mọ̀, sà."

Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, ó dùn ún dé egungun, omi sì dé ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ṣẹ̀sín mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ń jiyàn lórí mọ́ṣáláṣí kan tí wọ́n rí, mọ́ṣáláṣí tó rí gẹ́lẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọ̀ ara rẹ̀ pọ̀ bíi ti òdòdó.

"Mọ́ṣáláṣí wo?" ló bèèrè.

"Ẹ ò rí i ni, Bàbá? Gbogbo wa la rí i."

"Mi ò rí i." Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Ìyábọ̀, jọ̀ọ́, báwo ni Àjàṣẹ́ ṣe rí?"

Rebecca sún mọ́ ọn. Mùkáílà yíjú padà, Pius dìde dúró, àwọn ọmọ gun orí ìjókòó, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń sọ ọ́ fún un títí wọ́n fi kọjá Ọ̀tà, kò sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.